Bí A Ṣe Ń Tẹ́ Pápá Gọ́ọ̀fù Kékeré Sẹ́yìn Ilé

Iṣẹ́ íńtálọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe ní Ṣágámù. Mi ò gbá gọ́ọ̀fù rí. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì láti Èkó wá sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde ló pè mí pé kí n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì koríko sẹ́yìn ilé òun, kí òun lè máa rọra gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò láràárọ̀. Mo ní, "Kò sí wàhálà, Bàbá. Kápẹ́ẹ̀tì náà ni." Oṣù kẹfà ni. Mo hú koríko, mo tẹ ilẹ̀ pupa mọ́lẹ̀, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn rọ̀, ibẹ̀ di adágún. Bàbá dúró ní fàráńdà, ó na igi gọ́ọ̀fù sí i: "Ọmọ mi, ṣé ẹja lo fẹ́ bá mi sìn ni?"

Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe. Àtúnṣe ọ̀hún ni mò ń kọ yìí.

Ẹ má ṣe é sábẹ́ máńgòrò. Ewé, oje àti ìgbẹ́ ẹyẹ kò ní jẹ́ kí ẹ sinmi. Ní ti ìwọ̀n, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú àti 20 ní gígùn ni mo fẹ́ràn, torí pé kápẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ní mítà 4 máa ń wà, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 13. Ẹyọ kan á bo gbogbo rẹ̀, kò ní sí ojú ìsopọ̀. Bọ́ọ̀lù kì í fojú fo ojú ìsopọ̀, bó ti wù kí gọ́ọ̀mù yín dára tó.

Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ̀kan wà níbẹ̀. Ẹ̀kan kì í kú nítorí pé a gé orí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, mo ti rí èyí tó gún kápẹ́ẹ̀tì yọ. Ẹ fọ́n oògùn apakoríko sí i nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó wá gbẹ́ íǹṣì 6 sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú tí omi ń gbà kọjá, tí koríko ò lè gbà.

Ibi tí mo ti kùnà nìyí: omi gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó máa bá lọ. Ẹ kan èèkàn, ẹ ta láìnì, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dà kúrò lára ilé, íǹṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà 8. Ojú lásán kò ní rí i, ṣùgbọ́n omi á rí i. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, íǹṣì 4, kí ẹ sì yá ẹ̀rọ tí àwa oníńtálọ́ọ̀kì fi ń tẹ ilẹ̀. Ẹ má ṣe é ní àfẹsẹ̀tẹ̀. Stone dust, ìyẹn eruku òkúta tí wọ́n lọ̀, ló kàn, íǹṣì 2, ìpele méjì, kí ẹ tẹ ọ̀kan kí ẹ tó da ìkejì. Ẹ wọ́n omi sí i títí tó fi máa dì lọ́wọ́ tí ẹ bá fún un, láìjẹ́ pé omi ń kán. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi gìgísẹ̀ rìn ín. Bí ojú ẹsẹ̀ bá hàn, kò tíì tó.

Kí kápẹ́ẹ̀tì tó dé orí rẹ̀, ẹ yí bọ́ọ̀lù lórí stone dust yẹn láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá fi ìkúnlẹ̀ ṣe tirẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, ó dijú kan, ó wá ní, "Ibí yìí ga." Mo gbé lẹ́ẹ̀fẹ̀lì lé e: òótọ́ ni, bí ìnípọn ìka ọwọ́. Àṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń wolẹ̀ nínú gọ́ọ̀fù. Ẹ fá ibi tó ga, ẹ dí ibi tó jin, kí agbègbè ihò sì tẹ́jú dáadáa ní ẹsẹ̀ bàtà méjì yíká.

Ihò gọ́ọ̀fù fẹ̀ ní íǹṣì 4¼. Láti 1891 ni àwọn R&A, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní Scotland, ti fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì yí padà. Ife rẹ̀ wà fún títà, ṣùgbọ́n páìpù íǹṣì 4 tí plọ́ńbà fi ń ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo lò fún ihò méjèèjì Bàbá, nítorí ìta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 110, ihò gidi sì jẹ́ 108. Mo gé e ní íǹṣì 6, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò lọ, mo fi kọnkéré dì í yíká, mo sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ojú ilẹ̀ lọ ní íǹṣì kan. Ẹ wọn ibi tí ihò wà láti ara ògiri, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí tí kápẹ́ẹ̀tì bá ti bò ó, ẹ ó máa wá a ni.

Kápẹ́ẹ̀tì onírun kúkúrú ni kí ẹ rà, bí ìdajì íǹṣì. Èyí tó gùn, tí wọ́n ń tẹ́ síbi àríyá, á mú bọ́ọ̀lù dúró. Ẹ tẹ́ ẹ sóòrùn fún wákàtí méjì kí ó nà, kí ẹ gé e láti ẹ̀yìn, kí ẹ kan ìṣó tí kò ní dípẹtà yíká etí rẹ̀. Ẹ má kan ìṣó sí àárín.

Ó ku iyanrìn tí a máa fọ́n sáàárín irun kápẹ́ẹ̀tì. Iyanrìn funfun kíkúnná ni, irú ti Ìgbọ́kọ̀dá, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Èmi máa ń sá a lórí tapólì bí ẹni sá láfún, tí òjò bá sì ṣú, gbogbo wa la máa sáré. Bí àpò márùn-ún ni mo lò. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fọ́n ọn, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbá a lódì sí ìtẹ̀sí irun, kí ẹ yí bọ́ọ̀lù wò lẹ́yìn ìfọ́n kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ fi omi fọ eruku ọyẹ́ kúrò. Lọ́sàn-án gangan, ẹ wọ bàtà, torí ó ń gbóná.

Bàbá tún pè mí pé òun fẹ́ ihò kẹta. Ó ṣeé ṣe: ẹ gé àmì àgbélébùú láti òkè, ẹ ká igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn, ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ gbé páìpù sí i, ẹ dúró kí kọnkéré le, kí ẹ wá dá a padà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù kí ẹ tó gé ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún ihò kan ṣoṣo. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ó ní ìgbà yẹn, òun ò tíì mọ̀ pé kò ní di adágún mọ́.