Bí a ṣe ń dán àlìkámà wò kí a tó gbìn ín sí ilẹ̀ oníyọ̀

Bí irúgbìn bá hù nínú omi iyọ̀, ìyẹn ò tíì sọ pé yóò yè é. Ìgbà méjì ni iyọ̀ ń bá àlìkámà jà. Lákọ̀ọ́kọ́, omi á ṣòro fún gbòǹgbò láti fà, ewé tuntun á sì máa lọ́ra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni sodium, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, á wá kún inú ewé àgbà, tí ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ṣóńṣó. Ìgbà kejì yìí ni ẹ ó ti mọ irú tó lágbára.

Ẹ wá iyanrìn odò tí a fọ̀ mọ́, kí ẹ kó o sínú ike tí a lu ní ìdí. Ike mẹ́jọ ló tó irú kan: omi iyọ̀ fún mẹ́rin, omi lásán fún mẹ́rin. Ajílẹ̀ olómi kan náà ni kí gbogbo wọn máa mu. Ẹ fi irú tí a ti mọ̀ pé ó ń gba iyọ̀ kún un, bíi Kharchia 65 ti Íńdíà, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó fi wé.

Bí ewé kejì bá ti yọ tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ gíráàmù 1.5 nínú lítà omi kan. Ẹ máa fi 1.5 kún un lójoojúmọ́ títí yóò fi di 6. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan, ewé á rọ lójijì, kò sì ní mọ èyí tó lágbára níbẹ̀. Ẹ po gypsum (ìyẹ̀fun òkúta tó ní calcium nínú) gíráàmù 1 mọ́ lítà kọ̀ọ̀kan, ti omi lásán náà. Ẹ rò ó dáadáa, kì í tètè yòrò. Bí calcium kò bá tó, sodium á ráyè wọ gbòǹgbò, irú tó dára á wá dà bí ọ̀lẹ.

Nígbàkígbà tí ẹ bá ń bomi rin ín, ẹ jẹ́ kó jò jáde nísàlẹ̀. Oòrùn ń fa omi lọ, iyọ̀ ń ṣẹ́kù; ike tí kò jò á le ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wo ewé kẹta láti ìsàlẹ̀. Ti irú aláìlágbára á ti pọ́n, ṣóńṣó rẹ̀ á ti gbẹ. Ti alágbára á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ nídìí, ẹ sá a sínú ààrò tó wà ní ìwọ̀n 70°C fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìwọ̀n ti omi lásán pín ìwọ̀n ti omi iyọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún wo ìwọ̀n gan-an, torí irú kúkúrú tó pa 90 mọ́ nínú ọgọ́rùn-ún lè má so tó irú ńlá tó pa 70 mọ́.

Àlìkámà búrẹ́dì ní àbùdá kan, Kna1, tó ń fa sodium padà kó tó dé ewé. Durum, ìyẹn àlìkámà tí a fi ń ṣe pasta, kò ní in, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń kó sodium sínú ewé jù. Ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ mú irú àbùdá bẹ́ẹ̀ láti ara àlìkámà àtijọ́ kan wọ inú durum, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012 pé èso rẹ̀ lórí ilẹ̀ oníyọ̀ fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Ohun kan wà tí ike kò lè fi hàn: ilẹ̀ tí omi dúró lé. Gbòǹgbò tí kò rí afẹ́fẹ́ kò lágbára láti lé sodium, irú tó borí nínú ike lè kú síbẹ̀. Irú oko bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ la ojú omi sí i kí ẹ tó sọ̀rọ̀ irúgbìn.