Bí a ṣe ń ṣàkójọ ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo

Bí ẹ bá fẹ́ ṣàkójọ àwọn ìbí àti àṣeyọrí tó bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ẹ mú ọjọ́ kan, bí i 6 Oṣù Kẹta, kí ẹ sì to ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdọọdún. Wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909. Gánà gba òmìnira ní 1957. Ẹ ya ìbí sọ́tọ̀, nítorí ọmọ tuntun kò tíì ṣe àṣeyọrí kankan.

Kàlẹ́ńdà àtijọ́ (Julian), tí déètì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òde òní (Gregorian), ló gba sùúrù jù: ìbí Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kọ sí 25 Oṣù Kejìlá 1642, bọ́ sí 4 Oṣù Kìíní 1643 lórí kàlẹ́ńdà tí à ń lò báyìí. Ẹ kọ irú kàlẹ́ńdà tí ẹ lò sí ẹ̀gbẹ́ irú déètì bẹ́ẹ̀.