Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi àyẹ̀wò inú ìwé ìròyìn ra ìbọn ìléwọ́ tuntun

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Texas pè mí lórí WhatsApp. Ó fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́, ó sì ti mú èyí tó wù ú. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ìròyìn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yìn ín. Wọ́n ní kì í há rárá." Ọmọ Ìrè-Èkìtì ni wá, ilé ọdẹ ni wọ́n bí wa sí, èmi ni mo sì ń gbé àpò tẹ̀lé bàbá wa lọ sígbó, ìdí nìyẹn tó fi bi mí. Mo ní kó ní sùúrù. Kò gbọ́. Kò tíì yin ọta ọ̀ọ́dúnrún tí ìbọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìkarahun ọta tó yẹ kó ta síta á dábùú sẹ́nu ọ̀nà bí eegun ẹja tó há èèyàn lọ́fun. Ó dá a padà fún iléeṣẹ́ tó ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ìbọn náà sì lò lọ́hùn-ún.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún àwọn tó wà nílé. Nínú òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ. Abala ọ̀tọ̀ ni ṣakabùlà àti ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì wà, wọ́n sì ní ìwé àṣẹ tiwọn. Ẹni tó jókòó sí Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, tó ka àyẹ̀wò tí akọ̀ròyìn ṣe nípa ìbọn tán, tó wá ń wá ẹni tó máa ta ọ̀kan fún un lábẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Àwọn ará wa tó wà níbi tí òfin ti gbà wọ́n láyè ni mò ń bá wí.

Àṣìṣe tó ba àbúrò mi lọ́rọ̀ jẹ́ ni pé ó rò pé ìbọn tí akọ̀ròyìn yìn ni ìbọn tí òun máa rà. Iléeṣẹ́ ló sábà máa ń yá akọ̀ròyìn ní ìbọn, nígbà mìíràn kí ti ọjà tó jáde rárá. Ní 2014, Remington, iléeṣẹ́ aṣèbọn kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìbọn ìléwọ́ kan tó ń jẹ́ R51 jáde. Àwọn akọ̀ròyìn tó kọ́kọ́ yìn ín wò kọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa rẹ̀. Nígbà tó dé ọwọ́ àwọn tó fowó ara wọn rà á, igbe ta. Lọ́dún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àárín ìgbà tí wọ́n kúrò lórí ìwọ̀nba tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe dánwò tí wọ́n bọ́ sórí ṣíṣe é lọ́pọ̀ ni nǹkan ti dàrú, wọ́n ní kí ẹni tó bá rà á dá a padà káwọn fún un ní tuntun. Ó di 2016 kó tó padà sọ́jà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó kọ́kọ́ yìn ín má parọ́ kankan. Ìbọn tí wọ́n dì mú ni wọ́n ròyìn.

Wọ́n máa ń sọ nílé wa pé Ìrè kì í ṣelé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀ròyìn ṣe máa ń yà sọ́dọ̀ ìbọn. Ọta igba, tàbí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bó bá pọ̀, lójú ọjọ́ tó dára, pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n gbé lé àpò iyanrìn, tí wọ́n ń yìn ín sí ohun tó wà ní yáàdì 25. Ẹ fi wé ohun tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣe ní March 1911 kí wọ́n tó gba ìbọn ìléwọ́ Colt: ọta 6,000 ni wọ́n yìn nínú ẹyọ ìbọn kan. Síbẹ̀ ọta yíyìn nìkan kì í tú gbogbo àṣírí. Ọdún 2014 ni iléeṣẹ́ aṣèbọn SIG Sauer gbé ìbọn ìléwọ́ P320 jáde, àwọn ológun Amẹ́ríkà sì mú un ní January 2017. Ní August ọdún yẹn ni ariwo gba ìlú pé bó bá já bọ́ ní ọ̀nà kan pàtó, ó lè dún fúnra rẹ̀, iléeṣẹ́ náà sì kéde pé àwọn máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò inú ìwé ìròyìn kì í ju ìbọn sílẹ̀. Ta ló fẹ́ ba ohun tí wọ́n yá a jẹ́?

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹ ṣí ojú ìwé tó kọjú sí àyẹ̀wò, ẹ ó sábà rí ìpolówó àwọn aṣèbọn níbẹ̀. Nítorí náà ni ẹ kì í fi í rí "ìbọn yìí kò dára". Ohun tí ẹ máa rí ni pé ó há lẹ́ẹ̀mejì ṣùgbọ́n ọta ló fà á, tàbí pé ó nílò kí wọ́n lò ó díẹ̀ kó tó dẹ̀. Ẹ dúró níbi gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkàn akọ̀ròyìn ló wà níbẹ̀. Àwọn kan yàtọ̀: ìwé ìròyìn Gun Tests kì í gba ìpolówó, owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra ìbọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ẹ má sì tìtorí èyí da gbogbo rẹ̀ nù. Ìwọ̀n ìbọn, gígùn rẹ̀, bí ohun tí ìka ń fà ṣe le tó, òṣùwọ̀n ló wọ̀n wọ́n, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ìdájọ́ wọn ni mi ò kì í gbà.

Nígbà tí bàbá wa ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ká a lọ́rùn, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sí oòrùn, wọ́n ń wo inú rẹ̀ bóyá ìpẹtà wà. Wọ́n pa á dé, wọ́n mì ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ọ̀sán ni wọ́n fi yìn ín fún odidi àsìkò òjò kan, wọ́n á nù ún pẹ̀lú àkísà tó rin fún epo, wọ́n á gbé e kọ́. Ẹ̀yìn òjò ni wọ́n tó gbé e lọ sígbó lóru.

Mo sọ ìyẹn fún àbúrò mi. Mo ní kó jẹ́ kí ìbọn tuntun pé ọdún kan tàbí méjì lọ́wọ́ àwọn tó fowó ra tiwọn, tí òógùn wọn ti kán sí i lára. Lóṣù tó kọjá ó tún fi àyẹ̀wò kan ránṣẹ́ sí mi, ojú ìwé mẹ́fà, àwòrán rẹpẹtẹ. Mo ní kó bá mi wá ibi tí wọ́n kọ iye ọta tí wọ́n yìn sí, àti ẹni tó ra ìbọn náà. Ó wá a títí, kò rí i.