Kọ́mà lábẹ́ kọ́mà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìṣirò owó ọjà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo wà. Wọ́n fún ọmọ mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá: búrẹ́dì 1,2 yúrò, wàrà 0,95 yúrò, èló ni gbogbo rẹ̀? Ó kọ 1,07, olùkọ́ fagi lé e. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, n kò rí ibi tó ti ṣì í rò.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ó mọ̀ ọ́n rò. Bó ṣe tò ó ni kò dára. Ọwọ́ ọ̀tún ló ti tò ó wá, bí ẹni ń ro 12 pọ̀ mọ́ 95, ló fi bọ́ sí 107. Kọ́mà ló wà láàárín yúrò àti sẹ́ńtì, ọgọ́rùn-ún sẹ́ńtì ló sì wà nínú yúrò kan. Nítorí náà 2 tó wà nínú 1,2 kì í ṣe sẹ́ńtì méjì, ogún sẹ́ńtì ni. Ẹ ní kó fi òdo kún un, kó di 1,20, kó wá to kọ́mà sábẹ́ kọ́mà:

1,20
0,95
2,15

0 àti 5 jẹ́ 5. 2 àti 9 jẹ́ 11: kó kọ 1 sílẹ̀, kó gbé 1 kọjá kọ́mà lọ sí apá òsì. 1 yẹn àti 1 ti búrẹ́dì jẹ́ 2.

Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ tẹnu mọ́ jù ni kó máa wo ìdáhùn rẹ̀ kó tó pa ìwé dé. Búrẹ́dì nìkan ti gba 1,20. Báwo ni búrẹ́dì pẹ̀lú wàrà ṣe máa wá jẹ́ 1,07? Ọmọ tó bá ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí àṣìṣe náà kí olùkọ́ tó rí i.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mo yọ 1,85 yúrò kúrò nínú 5 yúrò, mo ní 4,85. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò, 1 nìkan lo yọ, ńṣe lo kàn da 85 kọ sẹ́yìn kọ́mà bó ṣe wà. O lè kọ 5 ní 5,00 kó o sì máa yá láti apá òsì, ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn ìyá ọlọ́jà ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ wù mí jù. Bó o bá ra ọjà 1 850 fráǹkì sẹ́fà, tó o fún wọn ní 5 000, wọn kì í yọ nǹkan kan. Wọ́n á kà á gòkè ni: 50, ó di 1 900, 100, ó di 2 000, 3 000, ó pé. Ṣẹ́ńjì rẹ jẹ́ 3 150. Kà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún yúrò: 0,05 gbé ọ dé 1,90, 0,10 gbé ọ dé 2, 3 gbé ọ dé 5. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,15. A kì í ná sẹ́fà oníkọ́mà lọ́jà, ìyẹn ni ojú wa ò fi mọ́ kọ́mà, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni.

Ìbéèrè: Mo ń kó ọjà láti Nàìjíríà wá sí Kétu. Ìwé ọjà kọ 12,500.00, ẹ̀dínwó 750.50. Ọmọ mi ní méjìlá ààbọ̀ ni.

Ìdáhùn: Bàbá, lọ́hùn-ún, kọ́mà ló ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, àmì ìdánudúró ló wà láàárín náírà àti kọ́bọ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Benin, kọ́mà ló ń ṣe iṣẹ́ kejì yẹn. Ẹ kọ́kọ́ tún un kọ ní ọ̀nà tiwa kí ẹ tó yọ ohunkóhun: 12 500,00 dín 750,50, ó ku 11 749,50 náírà. Lórí fóònù, 12500 ni kí ẹ tẹ̀, láìfi àmì kankan sí i. Bí ẹ bá tẹ kọ́mà wọn sínú fóònù tó wà ní èdè Faransé, méjìlá ààbọ̀ náà ló máa kà á sí.