Kókó inú ilé ẹyin obìnrin: àwọn àṣìṣe tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Bí ikùn ọmọbìnrin ọdún 15 bá ń wú, oyún ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ ń fura sí. Wọ́n á da ìbéèrè bo ọmọ, wọ́n á ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò, bó bá sì sọ pé oyún wà, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kókó kan tó ń hù nínú ilé ẹyin lè máa da hCG sínú ẹ̀jẹ̀, ohun kan náà tí àyẹ̀wò oyún ń wá. Ọmọ náà lè má mọ ọkùnrin rí. Ẹ gbé e lọ ya skáànù kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohùn sókè.

Jẹjẹrẹ ilé ẹyin tí etí wa mọ̀ jù, àwọn ìyá tó ti lé ní ọdún 50 ló sábà máa ń mú. Èyí tí wọ́n ń pè ní germ cell, tó ń hù láti ara ẹyin obìnrin fúnra rẹ̀, ṣọ̀wọ́n, àwọn tí kò tíì pé ọdún 30 ló sì máa ń bá fínra jù. Ó máa ń yára dàgbà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi agbo wò ó ná fún oṣù mẹ́ta ń jẹ́ kí ó tàn ká ni. Èyí ló ń dùn mí jù, torí kókó yìí gbọ́ oògùn. Kí cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ kan, tó dé lẹ́yìn ọdún 1970, oríṣi germ cell tó ń jẹ́ yolk sac kì í sábà dá ẹni tó bá mú sí. Lónìí, bí germ cell bá ṣì wà nínú ilé ẹyin nìkan nígbà tí wọ́n rí i, ó lé ní 90 nínú 100 tó máa ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù mú yín fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Fún ọ̀dọ́ tó ní germ cell, ilé ẹyin tí kókó wà nìkan ni wọ́n sábà máa ń yọ. Ilé ọmọ àti ilé ẹyin kejì á dúró, oògùn á sì kojú ìyókù. Ọ̀pọ̀ ló ti bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ AFP, LDH àti hCG, àwọn èròjà tó lè pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí kókó yìí, wò kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ẹ má gbà kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi inú kókó náà: bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ó lè dà sínú ikùn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè gbé kókó náà sínú àwo fún ẹbí láti wò. Bí ó bá jẹ́ teratoma, oríṣi germ cell mìíràn, irun, ọ̀rá àti eyín lè wà nínú rẹ̀, ariwo “àwọn ayé ni” á sì sọ. Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹyin obìnrin ní agbára láti di oríṣiríṣi ẹran ara, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ èyí tó jẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Ilé àyẹ̀wò ni kó lọ.

Ti àwọn ìyá náà wà ńbẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró, tí ẹ̀jẹ̀ tún wá ń yọ, ẹ má pè é ní àpadàsí ìgbà èwe. Kókó granulosa, oríṣi kókó ilé ẹyin mìíràn, lè máa tú estrogen, èròjà ara obìnrin, jáde, kí ilé ọmọ sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó sábà máa ń lọ bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, àmọ́ ó lè padà wá lẹ́yìn ọdún 10, àní 20. Nítorí náà, ẹ má dáwọ́ àyẹ̀wò dúró ní ọdún karùn-ún. Ẹ tọ́jú ìwé èsì àyẹ̀wò kókó náà, kí ẹ sì mú un dání bí ẹ bá ń pààrọ̀ dókítà tàbí ìlú.