Bí Mo Ṣe Bójú Tó Fọ́ọ̀mù Tí Ń Gòkè Nígbà Tí A Kọ́ Àká Ọkà Oníkọnkéré

Ògiri àká náà rí róbótó, nínípọn rẹ̀ kò sì yí padà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìdí nìyẹn tí a fi yan fọ́ọ̀mù tí ń gòkè, ìyẹn àpótí tí a ń da kọnkéré sí kí ó lè di ògiri, tí a sì ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀ bí ògiri ṣe ń ga. Ó ṣeé lò fún ilé tó ń tín-ín-rín bó ṣe ń ga, gẹ́gẹ́ bí CN Tower ní Toronto, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn pátápátá nìyẹn. Fọ́ọ̀mù tiwa ga tó mítà 1.2 péré, a kò sì tú u títí ògiri fi parí. Jáàkì ló ń gbé e gun ọ̀pá irin tó dúró sínú ògiri. Mo kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹnu rẹ̀ lókè há ju ìsàlẹ̀ lọ ní ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀, kí ó má baà fa kọnkéré ya bó bá ń gòkè.

Ìpele bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ni a ń dà yí ògiri ká, lójú méjèèjì, bí a bá gba ọ̀tún lọ lẹ́ẹ̀kan, òsì ni a ń gbà lẹ́yìn rẹ̀, kí fọ́ọ̀mù má baà lọ́. Nígbà tí fọ́ọ̀mù kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, a dúró kí kọnkéré le díẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Jáàkì lè yára bó bá ṣe wù ú, kọnkéré ni kò ṣeé kán lójú. Mo ń ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀: bó bá rì wẹ́rẹ́ dé ìsàlẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbé fọ́ọ̀mù, bó bá kan ibi tó le kí ó tó dé ìsàlẹ̀, ó yá. Kọnkéré tó yọ nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá dúró, síbẹ̀ kí ó ṣì rọ̀ tó fún àwọn birikilà tó wà lórí àkàbà tí a so rọ̀ láti dán an.

Lọ́sàn-án, a ń gun tó sẹ̀ǹtímítà 25 ní wákàtí kan. Lóru tí afẹ́fẹ́ tutù, ó já sí 15, mo sì ní kí wọ́n dín èròjà tí ń fa dídì kọnkéré sẹ́yìn kù. Iṣẹ́ kò dá dúró tọ̀sán-tòru, torí pé ibi tí kọnkéré tuntun bá ti bá èyí tó ti gbẹ ni omi ń wá gbà.

Nígbà tí a da ìpele ìkẹyìn, a kò pa jáàkì. A ń gbé fọ́ọ̀mù ní díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kúrò lára ògiri, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn.