Ọmọ olóríkunkun nínú fíìmù abanilẹ́rù: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé eré wa

Èmi ni mo máa ń ka ìwé eré fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe fíìmù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà jáde. Fíìmù abanilẹ́rù ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá, inú mi sì ń dùn sí i, torí pé ìtàn òru kún ilẹ̀ wa láti Àjàṣẹ́ dé Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́. Àmọ́ ìtàn kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 kan kò gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó jáde lóru, ó wọ igbó tí wọ́n ní kó má wọ̀, iwin sì mú un. Pásítọ̀ tàbí babaláwo wá gbà á sílẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ní kí wọ́n forí jì òun, fíìmù sì parí.

Ìwàásù ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Kò lè bà ènìyàn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ òótọ́ kankan nípa ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sọ àìgbọràn di ẹ̀ṣẹ̀ tí iwin wá gbẹ̀san rẹ̀

Àṣìṣe yìí ni ìyá gbogbo wọn. Bí ẹni tó ń wòran bá ti mọ̀ pé ẹni tó jáde lóru ni iwin ń mú, ara rẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn. Yóò jókòó sórí àga, yóò ní, "Èmi kì í jáde lóru ní tèmi," kò sì ní bẹ̀rù mọ́. Ìgbà tí ohun burúkú náà bá lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nílé ni àyà tó ń já.

Ohun kejì ni pé ọmọ náà kò ní ìdí kankan. Ó kàn ń ṣorí kunkun ṣáá ni. Mi ò tíì rí ọmọ tó ń kọ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan pàtó ló máa ń wà tí ọmọ ń kọ̀, ẹni tó ń kọ ìwé eré gbọ́dọ̀ mọ ohun náà kó tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ yọ ọmọbìnrin kan kúrò níléèwé kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, kí owó ilé ìwé lè tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin? Ṣé ọmọkùnrin kan wà tí kò fẹ́ bá bàbá rẹ̀ ru epo kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́, láti ẹnubodè Nàìjíríà mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ti ọmọkùnrin yẹn díẹ̀. Gbogbo wa la mọ kpayo. Òun ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè Àjàṣẹ́, ó sì le koko fún wọn nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo náà sí ní agbègbè Sèmè-Kpodji, èèyàn tó lé ní 30 ló kú. Ká ní ẹ̀gbọ́n ọmọ inú ìtàn wa kú sínú irú iná bẹ́ẹ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ra kẹ́ẹ̀gì tuntun, ó ní kí àbúrò gun alùpùpù náà. Àbúrò kọ̀. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní aláìgbọràn, aláìmoore, ọmọ tí iléèwé ti bà jẹ́. Nígbà tí òórùn epo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú yàrá lóru, tí kò sí kẹ́ẹ̀gì kankan nínú ilé, ta ni òkú náà ń wá? Ọmọ tó kọ̀ ni, àbí bàbá tí kò sunkún? Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń dẹ́rù bà mí. Ọmọ náà ló mọ òótọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí àwọn àgbà fi pamọ́ ni iwin tó dára jù lọ ń jáde látinú rẹ̀. Ní Kétu, ìtàn irú èyí wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ́mì pa ìlú náà run lọ́dún 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú, ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhọ́mì tán ni àwọn tó kù padà wá tún un tẹ̀dó. Ọmọ ọdún 15 tó bá béèrè níwájú àlejò pé, "Ta ló ń gbé ilé yìí kí á tó dé?" ti ṣe àfojúdi tó ju kó mu sìgá lọ. Mo rí ìwé eré tó gbé ọmọ gba Àkábà Ìdènà kọjá láàárín òru kí kámẹ́rà lè rí ẹnubodè ìlú àtijọ́ tó lẹ́wà yẹn, tí kò sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo nípa rẹ̀. Àǹfààní ńlá ló sọ nù yẹn.

Ẹ má ya ọmọ ibòmíràn

Nínú ìwé eré, ọmọ olóríkunkun máa ń ní yàrá tirẹ̀. Ó máa ń gbá ilẹ̀kùn pa, ó máa ń pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ pé òun kórìíra rẹ̀, ó sì máa ń kun èékánná ní dúdú. Fíìmù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, ọmọ mẹ́rin ló ń sùn sórí ẹní kan, aṣọ títa ni ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ kò ní jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Jẹ́jẹ́ ni àìgbọràn máa ń rìn lọ́dọ̀ wa. Ìyá àgbà pe ọmọbìnrin kan láti ilé ìdáná pé ṣé ó ti pọn omi. Ó ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá àgbà." Kò dìde. Ìyá àgbà tún pè. Ó tún ní, "Mò ń bọ̀," kò sì pe Ìyá àgbà mọ́ ọn. Nígbà tó jàjà dìde, ẹ̀yìn ìyá náà ló gbà kọjá, kó má baà di pé ó ní láti kúnlẹ̀ kí i. Ó gbé korobá, ó pòṣé, ṣùgbọ́n ó fi ìró korobá bo òṣé náà. Ìyá àgbà gbọ́. Ó ń bá gbọ́rọ̀ tó ń rẹ́ lọ, kò wí nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó dàgbà sínú ilé Yorùbá ló mọ̀ pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé yẹn.

Ẹ lo ọgbọ́n kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i bí ìbẹ̀rù ṣe máa wọlé. Ọmọbìnrin yìí kan náà, tí kì í fi orúnkún kanlẹ̀ mọ́, jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ bá Ìyá àgbà, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Ó kí i láti orí dé ìsàlẹ̀, ó fi oríkì kún un, oríkì tí ẹnì kankan kò kọ́ ọ rí. Wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Inú àwọn òbí ń dùn, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà. Àbúrò rẹ̀ kékeré nìkan ló sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ tó ń gbó àgbà lẹ́nu lánàá tó wá di onígbọràn lóru ọjọ́ kan, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù ba ènìyàn. Èmi ò mọ ìdí tí àwọn ìwé eré wa fi ń ṣe òdìkejì rẹ̀, tí iwin bá ti wọ ọmọ lára, ó di kó máa bú àgbà, kó máa fọ́ àwo.

Nípa èdè, ẹ má ṣe jókòó sínú yàrá kí ẹ máa hùmọ̀ ọ̀rọ̀ ìgboro fún ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì. Kí ìwé eré tó jáde, ọ̀rọ̀ náà ti gbó lẹ́nu wọn. Ẹ pe ọmọ iléèwé mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìran náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọn yóò dà Yorùbá, Faransé àti Gùn pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe iwin, Zàngbétò náà kì í ṣe iwin

Níbi yìí ni inú ti máa ń bí mi jù. Ẹnìkan kọ ọ́ pé agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mú àdá, ó ń lé àwọn ọmọ kiri nínú oko kájú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́! Ijó tí a fi ń júbà àwọn ìyá wa, tí a fi ń tù wọ́n lójú kí ìlú lè rójú. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Kétu ni àwọn ẹlòmíràn ti ń wá wo àpẹẹrẹ rẹ̀. UNESCO kéde rẹ̀ ní ogún aráyé lọ́dún 2001, wọ́n sì fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn lọ́dún 2008 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Zàngbétò ńkọ́? Ọdẹ òru àwọn ará wa Ògù, àwọn tó ń sọ Gùn, ni, ó ń ṣọ́ ìlú ni. Tí ẹ bá sọ ọ́ di apànìyàn, ẹ ti parọ́ mọ́ ohun tí ẹlòmíràn bọ̀wọ̀ fún, ará Àjàṣẹ́ tó bá ń wòran yóò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ti Egúngún àti Orò, ohun tí a kì í fi han gbogbo ayé wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ni ín, ẹ tọrọ àyè, bí wọ́n bá ní rárá, ó parí síbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n sọ ohun tó wúlò jù fún ìtàn wọn nù. Ẹ ronú sí Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó máa ń jáde lóru ṣáájú ijó ọ̀sán. Ó ń kọrin bú olè, ó ń bú ẹni tó ń fi ipò rẹ́ ará ìlú jẹ, kò sì sẹ́ni tó lè mú un sí i. Ìlú tó ní Ẹ̀fẹ̀ ti fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú àgbà ní àyè láti ìgbà pípẹ́. Ọkùnrin ló sì ń gbé e. Ká wá ní ọmọbìnrin ọdún 17 kan ń hun orin irú tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, nípa ilẹ̀ tí àbúrò bàbá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ opó. Wọ́n ní kó panu mọ́. Ó lọ ń kọ ọ́ lẹ́yìnkùlé, ní alẹ́, ohùn kan ń gbè é. Ohùn náà mọ ègbè orin tí kò tíì kọ́ ẹnì kankan. Ó wo ẹ̀yìn, kò sí ènìyàn. Ẹ kò nílò àdá.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀dá tó ń rìn ní òru, àwọn ìtàn wa kò ṣaláìní. Ègbére wà níbẹ̀, kúkúrú, tó ń gbé ẹní kiri tó sì ń sunkún. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní rẹ̀ yóò di olówó. Ní ìgboro Àjàṣẹ́ òde òní, ọmọ mélòó ló ń wá irú ẹní bẹ́ẹ̀? Àwọn tí wọ́n ń pè ní gayman ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, àwọn kan nínú wọn sì ń fi oògùn kún un. Ọmọ wọn kan gba ẹní, ó ká a sábẹ́ àpótí nínú yàrá tó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́rin ló ń sùn níbẹ̀. Ẹkún náà tẹ̀lé e wọlé. Ìyá àgbà ní, "Ta ló ń sunkún?" Ó ní rédíò ni. Owó ń wọlé, ó ń ra àpò ìrẹsì wá, ìyá rẹ̀ kò béèrè ibi tó ti rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lójú oorun, ohùn kan náà. Ibi tí ìyá náà ti jẹ nínú ìrẹsì yẹn tí kò béèrè ni kí ẹ ti wá ìtàn yín.

Ẹ má fi ìtúsílẹ̀ parí rẹ̀

Wọ́n di ọmọ mọ́ àga, wọ́n ń pariwo lé e lórí, ó ń gbọ̀n, ẹ̀mí burúkú jáde, ọmọ di ọmọ gidi. Èyí ju àṣìṣe ọnà lọ. Ohun tí fíìmù náà ń sọ fún òbí tó ń wòran ni pé ẹ̀mí ló wà lára ọmọ tó ń kọ nǹkan, pé kí wọ́n fi agbára lé e jáde. Nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, a mọ ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń já sí. Ní agbègbè Borgou, wọ́n ti pa ọmọ tàbí kí wọ́n jù ú nù torí pé ẹsẹ̀ ló fi jáde láyé, tàbí torí pé eyín òkè ló kọ́kọ́ hù, wọ́n ní àjẹ́ ni. Òfin ọmọdé ti ọdún 2015, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 2015-08, ń dáàbò bo gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí fíìmù yín wà lẹ́yìn ẹni tó ń lu ọmọ.

Iwin náà lè lọ, ó lè ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà ń kọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣì máa kọ̀ ọ́ ní ìparí, bí ó bá tọ̀nà. Ẹ má sì sọ gbogbo àgbà di òmùgọ̀ kí ọmọ lè gbọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà kan tó mọ òótọ́, tó sì ń tijú láti sọ ọ́, wúlò fún ìtàn yín ju òmùgọ̀ mẹ́wàá lọ.

Lórí ọmọ tí yóò ṣe eré náà

Ẹ má wọ káàkì iléèwé fún ẹni ọgbọ̀n ọdún, ojú ń rí i. Bí ẹ bá sì mú ọmọ tó ṣì wà ní kọlẹ́ẹ̀jì, ẹ gba ìyọ̀ǹda àwọn òbí rẹ̀, kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan sì wà nítòsí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ya àwòrán òru. Kí ọmọ náà rí aṣọ iwin ní ọ̀sán, kó fọwọ́ kàn án, kó mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe dẹ́rù bà á lójijì kí igbe rẹ̀ lè dún dáadáa. Bó bá sì ní BEPC, ìdánwò àṣekágbá ìpele àkọ́kọ́ iléèwé girama, lọ́dún yẹn, ẹ sún gbogbo iṣẹ́ òru sí àsìkò ìsinmi.